Ta Ni Ń Gbọ́ Ọmọ Yín Bí Ó Ti Ń Kàwé?

Lẹ́tà tí ó tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí kò kéré, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú wọn tí kò ṣeé fi sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ mìíràn. Ìyá kan tí ń ta ẹ̀lùbọ́ ni ó bẹ aládùúgbò rẹ̀ kí ó bá òun kọ ọ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà ní kíláàsì kẹta. Bí ó bá ti ilé-ìwé dé, a ṣí ìwé kíkà rẹ̀, a sì kà á wàràwàrà láti òkè dé ìsàlẹ̀, gbogbo ará ilé a sì máa yìn ín. Inú ìyá ń dùn, àfi ọjọ́ tí ẹgbẹ́ ọlọ́jà fi ìwé pélébé kan ránṣẹ́ sí àwọn onísọ̀. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Ìyá pe ọmọ kí ó wá kà á fún òun. Ọmọ gbé ìwé náà sókè, ó wò ó títí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké ẹ̀kọ́ kọkànlá inú ìwé kíkà rẹ̀ síta, bí ẹni pé òun ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìgbà tí ìyá yóò fi rí ẹni tí yóò bá a ka ìwé náà, ìpàdé tí wọ́n ti pín ìsọ̀ tuntun ti kọjá, wọ́n sì ti fi ìsọ̀ tí ì bá jẹ́ tirẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ó wá bi mí pé, "Tíṣà, ṣé kí n mú un kúrò ní ilé-ìwé kí ó lọ kọ́ṣẹ́, àbí kí n wá owó lẹ́sìnnì? Èmi tìkára mi kò mọ A yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ adìẹ, n kò lè ràn án lọ́wọ́."

Ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má mú un kúrò. Ọmọ yín kì í ṣe olódo, kò sì sí ọwọ́ ayé kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ó ṣe é ni pé láti ìgbà tí ó ti wọ ilé-ìwé, kò tíì sí ẹnì kan tí ó jókòó tì í, tí ó gbọ́ òun nìkan bí ó ti ń kàwé. Èyí tí ẹ sọ kẹ́yìn, pé ẹ kò lè ràn án lọ́wọ́, ni mo fẹ́ bá yín jiyàn lé lórí lónìí, n ó sì fi ẹ̀rí ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ilé-ìwé. Ní ọ̀pọ̀ kíláàsì, olùkọ́ a ka gbólóhùn kan láti ara pátákó, àádọ́ta ọmọ a sì gbè é bí elégbè orin. Àwọn mẹ́wàá tí ó mọ̀ ọ́n a máa ṣíwájú, àwọn ìyókù a gba ohùn lẹ́nu wọn. Ó dùn ún gbọ́ láti ojú títì, ẹni tí ń kọjá a ní, "Ọmọ ń kàwé níbí!" Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ kan lè wà láàrin wọn fún ọdún mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé etí ni ó fi ń kàwé, kì í ṣe ojú. N kò sọ pé ègbè kò wúlò rárá. Ó dára fún orin, ó dára fún ewì, ó sì ń fún ọmọ tí ń tijú ní ìgboyà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé kíkà. Àjọ UNICEF ti sọ ọ́ ní gbangba pé nínú ọmọ mẹ́rin tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 7 sí 14 ní Nàìjíríà, bí mẹ́ta ni kò lè ka gbólóhùn kan tí ó rọrùn kí ó sì yé wọn. Ẹ má rò pé àwọn tí kò rí ilé-ìwé lọ nìkan ni. Púpọ̀ nínú wọn ń bẹ nínú kíláàsì, wọ́n ń gbè.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tí ọmọ yín ń ṣe, ẹ má jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ẹ fi ọwọ́ bo àwòrán. Ẹ fi ìka sí ìlà kan ní àárín ojú ìwé, kí ẹ ní kí ó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka kan ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹ bi í pé kí ni èyí. Ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n kà yóò pè é. Ọmọ tí ó há a sórí yóò sáré padà sí ìbẹ̀rẹ̀ láti lọ gbé e wá, bí ẹni tí kò lè dé oṣù Ọ̀wàrà àfi bí ó bá kà á bọ̀ láti Ṣẹ́rẹ́. Ẹ wò ó, ìdánwò yìí kò bèèrè pé kí ẹni tí ń ṣe é mọ̀wé.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀nà tí mo mọ̀ tí ó dára jù ni kí a pín ọmọ sí ọ̀wọ́ kéékèèké, ọmọ márùn-ún tàbí mẹ́fà, àwọn tí agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kí a máa pe ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan jókòó yí wa ká pẹ̀lú ìwé kan náà lọ́wọ́. Kí ìwé náà má rọrùn jù, kí ó má sì le jù. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ka ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ sí etí yín. Ẹ fa ìlà kékeré fún ọ̀rọ̀ tí ó bá pè dáadáa, kí ẹ sì kọ èyí tí ó bá ṣì pè sílẹ̀ bí ó ti pè é gan-an. Bí ó bá ṣi ju mẹ́wàá lọ, ìwé náà ti le jù fún un, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ṣi márùn-ún sí mẹ́wàá, ìwé tí ẹ ó fi kọ́ ọ nìyẹn. Bí kò bá ṣi tó márùn-ún, ẹ jẹ́ kí ó gbé e lọ sílé lọ máa kà. Marie Clay, obìnrin ọmọ ilẹ̀ New Zealand tí ó kú ní ọdún 2007, ni ó sọ irú àkọsílẹ̀ yìí di ohun tí àwọn olùkọ́ ń lò ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé kò jẹ́ kí a kàn jókòó sọ pé ọmọ "kò mọ̀wé". Àṣìṣe ọmọ ni yóò sọ ohun tí ó ń ṣe é. Ọmọ tí ó ka "ilé" níbi tí a kọ "ilẹ̀" ń wo lẹ́tà, àmì ni kò tíì máa rí. Ọmọ tí ó ka "yàrá" níbi tí a kọ "ilé" ń wo àwòrán, kò wo lẹ́tà rárá. Oògùn àwọn méjèèjì kò lè jẹ́ ọ̀kan náà.

Kí ọ̀wọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ẹ bá wọn wo èèpo ìwé, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n rò pé yóò ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì mú ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí yóò dí wọn lọ́nà, kí ẹ jọ pè é. Lẹ́yìn náà kí olúkúlùkù máa ka gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́, kí ẹ̀yin sì máa tẹ́tí sí ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ẹ má ṣe é ní ìlà kan ẹnì kan. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ púpọ̀ nínú wa, ṣùgbọ́n ọmọ kẹfà a ti ka ìlà tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nínú ọkàn rẹ̀ kí ó tó kàn án, kò sì gbọ́ ohunkóhun nínú ìtàn náà. Nígbà tí wọ́n bá parí, ẹ má dúró lórí "Kí ni orúkọ ajá?" Ẹ bi wọ́n pé èéṣe tí ajá fi sá, kí wọ́n sì fi ibi tí wọ́n ti rí i nínú ìwé hàn yín.

"Àwọn ìyókù ńkọ́?" Mo mọ̀ pé ohun tí ó wà lẹ́nu yín nìyẹn. Ọmọ 48 ni ó wà ní kíláàsì tèmi. Mo pín wọn sí ọ̀wọ́ 8, ọ̀wọ́ 2 ni mo sì ń gbọ́ lójúmọ́, ìṣẹ́jú 15 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú àwọn tí kò tíì kàn, apá kan a máa da ọ̀rọ̀ kọ, apá kan a máa ka ìwé tí wọ́n ti kà tẹ́lẹ̀ fún ara wọn ní méjì méjì, apá kan a máa to ọ̀rọ̀ tí mo kọ sára páálí di gbólóhùn. Ariwo ń bẹ níbẹ̀, n kò ní purọ́. Alábẹ̀wò kan wọlé wá ní ọjọ́ kan, ó ní òun rò pé ọjà ni. Mo ní kí ó mú ìwé tí ó bá wù ú, kí ó pe ọmọ tí ó bá wù ú. Ó pe ọmọ, ọmọ kà á. Kò tún sọ nípa ariwo mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ọ̀wọ́ 8, ọ̀wọ́ 2 lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́rin ni yóò gbà kí ó tó kárí, ọjọ́ karùn-ún a jẹ́ ti àwọn tí ó rẹ̀yìn. Nínú ìṣẹ́jú 15 yẹn, ọmọ kan kì í rí ju ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta lọ tí etí mi jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ìṣẹ́jú mẹ́ta láàrin ọ̀sẹ̀! Ọmọ tí ń kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn, tí ó ń gùn ún fún ìṣẹ́jú mẹ́ta láàrin ọ̀sẹ̀, ìgbà wo ni yóò mọ̀ ọ́n? Olùkọ́ nìkan kò lè ṣe é, bí ó ti wù kí ó gbóná tó. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè; bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilé àti ilé-ìwé rí.

Ẹ̀rí tí mo ṣèlérí nìyí. Láàrin ọdún 1976 sí 1978, Jack Tizard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ kan ní àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Haringey ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, láàrin àwọn òṣìṣẹ́ tí owó kò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ wọn. Fún apá kan nínú àwọn ọmọ, wọ́n bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n máa gbọ́ ìwé tí ọmọ bá gbé wá láti ilé-ìwé, kí wọ́n sì máa gbọ́ ọ déédéé. Fún apá kejì, wọ́n mú olùkọ́ tí ó gbówọ́ wá láti máa fún wọn ní ìrànlọ́wọ́ nínú ọ̀wọ́ kéékèèké ní ilé-ìwé. Ẹni tí a bá bi léèrè yóò ní apá kejì ni yóò borí. Rárá o. Àwọn tí ń kàwé sí etí òbí wọn ni ó tẹ̀ síwájú jù. Nínú àwọn òbí náà, àwọn kan kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, àwọn kan kò sì mọ̀wé kà. Èyí kò dí ọmọ wọn lọ́wọ́. Wọ́n tẹ ìròyìn iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 1982. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má bínú sí mi. Ó dun èmi náà díẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á.

Báwo wá ni ìyá tí kò mọ̀wé yóò ṣe ṣe é? Ẹ wá àkókò tí ọjà máa ń dákẹ́, nígbà tí oníbàárà ọ̀sán ti lọ tí ti ìrọ̀lẹ́ kò tíì dé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Kí ọmọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ yín, kì í ṣe iwájú yín bí ẹni tí a ń dá lẹ́jọ́. Kí ó máa fi ìka tọ abẹ́ ọ̀rọ̀ bí ó ti ń pè é. Bí ẹnu rẹ̀ bá ń sáré ju ìka rẹ̀ lọ, ẹ mọ̀ pé orí ni ó ti ń ké e wá, ẹ ní kí ó padà. Nígbà tí ó bá parí, kí ó pa ìwé dé, kí ó sọ ìtàn náà fún yín ní ẹnu ara rẹ̀.

Ohun kan sì wà lọ́wọ́ yín tí ó ju ìwé lọ: ẹ gbọ́ Yorùbá. Lẹ́tà wa kò ju 25 lọ, ọmọ kì í pẹ́ mọ̀ wọ́n. Iṣẹ́ tí ó le níbẹ̀ ni ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, pàápàá nínú àwọn ìwé tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Bí ìwé bá ní bàbá gbé ọkọ́, ó lọ sí oko, tí ọmọ sì kà á pé bàbá gbé ọkọ, ó lọ sí oko, ẹ̀rín yóò fẹ́ pa yín. Ẹ má pariwo, ẹ kàn bi í pé, "Ọkọ ta ni bàbá gbé?" Òun náà yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì padà wò ó. Bóyá yóò tilẹ̀ kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ kí ó tó gbé ọkọ́. Kò burú. Ọmọ tí ó gbọ́ pé ohun tí òun kà kò bọ́gbọ́n mu, tí ó sì padà, ti ń kàwé nìyẹn. Etí yín ni ó kọ́ ọ.

Bí ó bá dúró lórí ọ̀rọ̀ kan, ẹ dákẹ́. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta títí dé àrún nínú ọkàn yín. Dídákẹ́ yìí ni ó ṣòro jù fún àgbà. Ní àdúgbò Māngere ní Auckland, ní ilẹ̀ New Zealand, nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ, Ted Glynn, Stuart McNaughton àti Viviane Robinson kọ́ àwọn òbí ní ọ̀nà yìí gan-an: kí wọ́n dúró ná, kí wọ́n tọ́ ọmọ sọ́nà, kí wọ́n sì yìn ín. Bí ẹ bá kà dé àrún tí kò tíì rí i, ẹ ní kí ó tún gbólóhùn náà bẹ̀rẹ̀, tàbí kí ó fo ọ̀rọ̀ náà, kí ó ka èyí tí ó tẹ̀lé e, kí ó wá ro ohun tí ó yẹ kí ó wà láàrin. Bí kò bá tún rí i, kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sọ fún un, kí ìtàn máa lọ. Bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kò sí nítòsí, kí ó fi pẹ́ńsù fa ìlà tín-ín-rín sábẹ́ rẹ̀, kí ó bi olùkọ́ lọ́jọ́ kejì. Kí ìyìn yín sì ní ìdí. "O ṣeun tí o padà lọ wò ó fúnra rẹ" dára ju "O káre" lásán lọ.

Kí n má tàn yín, bàbá tí ó mọ̀wé a máa fún mi ní wàhálà ju ìyá tí kò mọ̀wé lọ. Ìyá a fi sùúrù gbọ́. Bàbá a já ìwé gbà lọ́wọ́ ọmọ, a ní, "Ṣé èyí náà ni o kò mọ̀? Olódo!" a sì fi ìka kàn án lórí. Ọmọ tí a ń lù nídìí ìwé, ohun tí ó ń kọ́ ni bí a ti ń fi ìwé pamọ́ nígbà tí bàbá bá wọlé. Bàbá mìíràn ní òun ń gbọ́, ojú rẹ̀ sì wà lára fóònù. Ọmọ mọ̀ pé kò gbọ́.

Ní ti lẹ́sìnnì, bí olùkọ́ náà yóò bá gbọ́ ọmọ yín lọ́tọ̀, owó náà kò ṣòfò. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ọgbọ̀n ni wọ́n kó jọ sábẹ́ igi tí wọ́n tún ń gbè, ègbè ọ̀sán ni ẹ fi owó rà. Bí ọmọ bá ń gbé ìwé sún mọ́ imú kí ó tó rí i, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí ohun mìíràn.

Àwọn kan yóò ní, "Yorùbá ni o ní kí ó máa kà, Gẹ̀ẹ́sì ni èmi ń fẹ́." Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ apá kan nínú àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàrin ẹ̀kọ́, tí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú ń kọ́ wọn. Àwọn yòókù yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn kíláàsì kẹta. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ẹni tí ó ti mọ bí a ti ń kàwé ní èdè tí ó gbọ́, kò ní tún un kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní òmíràn.

Ìwé ńkọ́? Ilé-ìwé kan wà tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, tí wọ́n ti gbogbo ìwé kíkà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, kí ọmọ má bàa fà wọ́n ya. Ọmọ kò fà wọ́n ya. Ikán ni ó jẹ wọ́n. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kí ìwé máa lọ sílé. Kí ìyá fi aṣọ rán àpò kékeré kan fún un, kí ọmọ sì fọ ọwọ́ epo kí ó tó ṣí i. Aláwìíyé ti J. F. Ọdúnjọ, tí púpọ̀ nínú yín fi bẹ̀rẹ̀ ìwé, ṣì wúlò. Bí kò bá sì sí ìwé rárá, kí ìyá pa àlọ́ ìjàpá kan, kí ẹ̀gbọ́n tàbí olùkọ́ kọ ìlà mẹ́fà nínú rẹ̀ sí ìwé ìdákọ bí ó ti jáde lẹ́nu ìyá, kí ọmọ sì máa kà á. Mo ti rí ọmọ tí ó kọ̀ láti ka ohunkóhun, tí ó ka irú èyí tí ojú ìwé náà fi gbó.

Kí ilé àti ilé-ìwé lè máa gbọ́ ara wọn, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lẹ páálí kékeré kan mọ́ ẹ̀yìn ìwé tí ọmọ ń gbé lọ sílé. Ní alẹ́ tí ìyá bá ti gbọ́ ọmọ, kí ó fa ìlà kan síbẹ̀, bí ó ti ń fa ìlà sára ògiri fún àwọn tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ẹ wò ó ní ọjọ́ Ẹtì. Bí ìlà bá pé mẹ́rin, ẹ gbọ́ ọmọ náà, kí ẹ sì pa ìwé rẹ̀ dà. Bí kò bá ju ọ̀kan lọ, ẹ má na ọmọ. Ẹ yà ní ìsọ̀ ìyá rẹ̀ bí ẹ bá ń lọ sílé, kí ẹ bi í pé àkókò wo ni ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé ni a ó gbé yẹ̀ wò. Lẹ́tà yín lórí rẹ̀ ti pọ̀ lọ́wọ́ mi.